Ọdún Mẹ́jọ Kí MBA Tó Dé: Èsì Mi fún Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ọ̀fà

Nígbà tí mo wálé fún ọdún Iléyá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọkọ̀ láti Ọ̀fà wá sí Ìlọrin, ó sì bá mi ní ìsọ̀ ìyá wa ní Ọjà Ọba, níbi tí mo jókòó sí láàárín àwọn ìdì aṣọ òfì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò tíì ráyè jókòó dáadáa tó fi béèrè pé: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kà ní fásitì tí n óò fi lè ka MBA lókè òkun bíi tiyín?” Ọmọ ọdún 18 ni, ó ti ṣe WAEC tán, ó sì fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, n kò sì ráyè dá a lóhùn bó ti yẹ. Mo fẹ́ dá a lóhùn níbí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń béèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ni pé MBA, ìyẹn oyè kejì nínú ìṣàkóso okòwò, kò ní kí ènìyàn ti ka ìmọ̀ okòwò tẹ́lẹ̀. Ní kíláàsì tiwa, onímọ̀ ẹ̀rọ ló jókòó lápá ọ̀tún mi, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti ń bójú tó wọ́ọ̀dù láti ọjọ́ pípẹ́ ló sì wà lápá òsì. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ni wọ́n gbé wá síbẹ̀.

Èmi kò rí ẹni sọ èyí fún mi. Ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò ni mo kà nílé, mo sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan, kò sì pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí mo fi wọ bàálù lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún MBA ọlọ́dún kan. Ẹni tó ń bá wa ṣètò ìwé ní kí n má fi àkókò ṣòfò, ilé ẹ̀kọ́ tó gbà mí kò sì béèrè iṣẹ́ tí mo ti ṣe. N kò mọ̀ nígbà náà pé AMBA, ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ sí ètò MBA káàkiri ayé, ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan kò bá béèrè rẹ̀, ó yẹ kí a bi í léèrè ìdí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ojú mi là sí i. Olùkọ́ ní kí oníkálùkù sọ ìgbà kan tó ní láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tàbí kí ó dín owó ẹ̀ka rẹ̀ kù. Nọ́ọ̀sì náà sọ tirẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó kàn mí, n kò ní nǹkan kan tí mo lè sọ. Mo bá sọ̀rọ̀ nípa ìwé àwìn ìyá mi: bó ṣe ń kọ orúkọ àwọn tó kó òfì ìgbéyàwó láwìn, bó ṣe ń fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹni tó ti san ìdajì, àti bó ṣe kọ̀ láti tún ta àwìn fún oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kan láìjẹ́ pé àárín wọn bàjẹ́. Olùkọ́ fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. N kò lè dáhùn ju ẹyọ kan lọ, nítorí ìyá mi ló ṣe iṣẹ́ náà, èmi kàn jókòó tì í ni. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́dún náà, ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ó tó yé mi, owó ilé ẹ̀kọ́ sì ti lọ. Ó dùn mí títí di òní.

Nítorí náà, kí ọmọ wa kọ́kọ́ ka ọdún. Bí ó bá gba JAMB wọ Unilorin tàbí KWASU ní Malete, ọdún mẹ́rin ni Ìṣirò Owó tàbí Ìṣàkóso Okòwò. Bí ó bá ka IJMB, ìyẹn ètò ìgbaradì fún fásitì, tó sì yege, yóò bẹ̀rẹ̀ láti 200 level, yóò sì fi ọdún mẹ́ta jáde. Bí ó bá lọ sí poli tó wà ní Ọ̀fà lọ́dọ̀ wọn, ọdún méjì ni ND, wọn a máa lo ọdún kan níbi iṣẹ́, HND a sì tún gba ọdún méjì. N kì í fojú tín-ínrín poli, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí mo mọ̀ tó mọ ìwé owó tọ́jú jù lọ ti jáde. Àmọ́ ọ̀pọ̀ fásitì nílé máa ń ní kí ẹni tó ní HND kọ́kọ́ gba PGD, ìwé ẹ̀rí tó wà láàárín HND àti oyè kejì, kí ó tó ka oyè kejì, ọdún mìíràn sì nìyẹn. Èyí tó wù kó yàn, kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó lè fi jáde pẹ̀lú two-one (ìpele kejì apá òkè), nítorí èsì yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

Bí kò bá lè dúró kí ó ṣiṣẹ́ ná, MSc Management, oyè kejì mìíràn nínú ìṣàkóso, wà, òun sì ni wọ́n ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Èmi náà ì bá ti lọ sídìí ìyẹn. Kí ó má sì kánjú ṣe GMAT, ìdánwò ìgbaniwọlé fún MBA, nítorí máàkì rẹ̀ kì í wúlò ju ọdún márùn-ún lọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ náà tún wà ńbẹ̀: láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá wá ka irú oyè kejì báyìí ní Bìrìtìkó kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, ọmọ wa yóò sì ti tó nǹkan bí ẹni ọdún 27 nígbà tí MBA bá kàn án.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí mo padà dé Manchester. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀, kí ọmọ náà lè wá bẹ̀rẹ̀ oyè àkọ́kọ́ níbí. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Ọdún mẹ́rin fún fásitì, ọdún kan fún ìsìnlú, ọdún mẹ́ta fún iṣẹ́, ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò bá ọkọ àwọn sọ ọ́.