Owó abẹ́ òkun tí mo rà, tí kò dé òkun rí

Nígbà tí ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa ń bọ̀, mo ń wá ohun tí mo lè fún Bàbá Dámi tí kì í ṣe aago tàbí bàtà. Ìtàn ọkọ̀ tó rì sókun dùn mọ́ ọkùnrin yìí ju bọ́ọ̀lù lọ. Florida la sì ń gbé, níbi tí tọmọdé tàgbà ti mọ ìtàn Atocha.

Ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì ni Atocha. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1622 ló gbéra ní Havana, tòun ti fàdákà, wúrà àti òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní emerald, tí wọ́n wa jáde nínú ilẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìjì fi gbé e rì nítòsí Key West. Nínú èèyàn 265, márùn-ún péré ló yè, tí wọ́n rọ̀ mọ́ òpó ìgbòkun. Ẹrú ni méjì nínú wọn.

Ọdún 16 ni Mel Fisher, ará Amẹ́ríkà kan tó máa ń wá ọrọ̀ tó rì sókun, fi wá ẹrù yẹn. Àràárọ̀ ló máa ń sọ fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ pé òní lọjọ́ náà. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 1975, ọkọ̀ wọn kan dojú dé, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, ìyàwó ọmọ náà àti òmùwẹ̀ kan bá a lọ. Ogúnjọ́ oṣù keje náà ni, lọ́dún 1985, tí wọ́n tó bá ìdí ẹrù ọ̀hún. Bàbá Dámi kì í lè sọ ibẹ̀ yẹn tán kí ohùn ẹ̀ má yí padà.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ẹnì kan tó ń ta owó fàdákà Atocha tí wọ́n ti fi ṣéènì sí, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ná an títí ó fi gbà á ní 180 dọ́là. Mo tún ń yangàn lọ́kàn pé mo mọ ọjà ná! Ó fún mi ní ìwé ẹ̀rí, tòun ti èdìdì pupa.

Ṣéènì yẹn ló já, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Miami, ará Kúbà. Bàbá ò tiẹ̀ mú awò tí wọ́n fi ń wo nǹkan wẹ́wẹ́. Wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó yìí róbótó jù."

Àṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe owó láyé ìgbà yẹn. Wọ́n á gé fàdákà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n á máa rẹ́ ẹ létí títí ìwọ̀n ẹ̀ á fi pé, wọ́n á wá fi òòlù lu àmì sí i: àgbélébùú lójú kan, apata ọba lójú kejì. Kò sí méjì tó jọra. Iyọ̀ òkun tún wá jẹ wọ́n fún ọ̀rúndún mẹ́ta ó lé. Tèmi dán, ó gún régé, ìlà tín-ínrín kan sì yí etí ẹ̀ ká, níbi tí ojú mọ́ọ̀dù méjèèjì tí wọ́n fi rọ ọ́ ti pàdé. Ọ̀dà ni dúdú tó wà lára ẹ̀. Òwú ni bàbá fi nù ún kúrò níṣojú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ta nǹkan yìí. Owó gan-an wà. Ìwé ẹ̀rí tiẹ̀ máa ń gbé nọ́ńbà, ìwọ̀n àti ipò, láti 1 tó dára jù dé 4 tí omi ti jẹ gan-an. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kẹ́ ẹ fi wé ohun tí ìwé sọ. Tèmi ò ní nọ́ńbà, kò ní ìwọ̀n, èdìdì pupa nìkan ló ní. Fàdákà Atocha tí wọ́n yọ́, tí wọ́n wá tún rọ bí owó, náà wà. Kì í ṣe ayédèrú tí wọ́n bá ti sọ bó ṣe jẹ́, àmọ́ "fàdákà Atocha" àti "owó Atocha" kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta ni èyí tó jẹ́ pé àwòrán ara ẹ̀ nìkan ló bá Atocha tan. Òun ni wọ́n tà fún mi lórúkọ àkọ́kọ́.

Tẹ́ ẹ bá sì rí ojúlówó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá ihò sí i, kí wọ́n jó o mọ́ nǹkan, tàbí kí wọ́n fi nǹkan ha á kó lè dán. Bàbá ní òrùka eléékánná, tó ní ìkọ́ kéékèèké létí, ni kí wọ́n fi gbá a mú, èyí tó ṣeé tú.

Nígbà tó yá, gbogbo wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mel Fisher ní Key West. Ẹrù Henrietta Marie wà níbẹ̀ náà. Ọkọ̀ ẹrú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ti ta àwọn èèyàn wa tán ní Jàmáíkà kó tó rì lọ́dún 1700. Àwọn tó ń wá Atocha ló kàn án lọ́dún 1972. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ wà níbẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà wà níbẹ̀, òmíràn kéré bí ẹni pé ọwọ́ ọmọdé ni wọ́n wọ̀n. Dámi dúró síwájú ẹ̀ pẹ́. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé wọ́n ń ta èyí náà ní ṣọ́ọ̀bù?" Mo kàn di ọwọ́ ẹ̀ mú ni.

Fàdákà tí wọ́n yọ́ ni mo wá rà fún bàbá ẹ̀, kò ju èékánná àtàńpàkò lọ, ìwé tó bá a wá sì sọ bó ṣe jẹ́. Òun ló wà lọ́rùn ẹ̀ dòní. Ayédèrú tí mo ra ní 180 dọ́là ṣì wà nínú àpótí mi. Tí ọ̀rẹ́ kan bá ní òun fẹ́ ra owó abẹ́ òkun, màá gbé e fún un kó fi ìka ara ẹ̀ tọ ìlà etí ẹ̀.