Géètì Òru ní Àkúrẹ́, Òfin Ilé ní Stuttgart

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Àkúrẹ́, bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, ọlọ́dẹ á ti géètì òpópónà, ó di ìdájí kó tó ṣí i. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ló fi òfin náà lélẹ̀. Ní Stuttgart, ìlú kan ní ilẹ̀ Jámánì, kò sí géètì lójú títì, síbẹ̀ àdúgbò kò gba gbẹ̀rẹ́. Láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀, ariwo di èèwọ̀; lọ́jọ́ Àìkú, a kì í fi ẹ̀rọ lu ògiri, a kì í da ìgò sínú àpótí ìgò. Àwọn ilé kan tún ní Kehrwoche: ẹni tí ọ̀sẹ̀ bá kàn ni yóò gbá àtẹ̀gùn, tí yóò nù ún, tí yóò tún gbá iwájú ilé. Wọ́n á fi páálí kékeré kọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kó má baà sọ pé òun gbàgbé.

Ọwọ́ le níbi méjèèjì. Ẹni tó bá kọ̀ la fi ń mọ ìyàtọ̀. Ní Jámánì, aládùúgbò lè fẹjọ́ rẹ sùn, lánlọ́ọ̀dù lè kìlọ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ nìkan ló lè lé ọ jáde. Àwọn tó ni fúláàtì inú ilé kan náà gbọ́dọ̀ ṣèpàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ìwé ìpè á ti dé ní ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú. Ẹni tí ìpinnu kò bá tẹ́ lọ́rùn ní oṣù 1 láti gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, lánlọ́ọ̀dù ló ń jókòó nípàdé, àmọ́ ayálégbé náà ń san: owó ọlọ́dẹ, owó tíránsífọ́mà, owó yẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà. Bí kò bá san, àwọn ẹgbẹ́ kan á já wáyà iná rẹ̀. Èyí kò dáa rárá. Wáyà kì í ṣe ti ẹgbẹ́, ẹni tó bá sì yọ́ tún un so lóru lè kú, tàbí kó sun ilé.

Géètì ní tirẹ̀, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ìbẹ̀rù ajínigbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ní ìpínlẹ̀ Oǹdó; ọdún 2020 ni wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ nítorí ààbò. Ṣùgbọ́n bí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ ẹyọ 1, tó wà lápò ọlọ́dẹ tó ti sùn, aláboyún tó ń rọbí lè kú sẹ́yìn géètì. Kọ́kọ́rọ́ 3 ló yẹ: ti ọlọ́dẹ, ti alága, ti ilé tó sún mọ́ géètì jù. Kí wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà fóònù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára irin náà, nínú àti lóde. Irin ìdábùú òkè rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dí ọkọ̀ panápaná lọ́nà.

Ọdún ìbílẹ̀ Aheregbe ńkọ́, tí Déjì, ọba Àkúrẹ́, ń ní kí ọjà àti ṣọ́ọ̀bù wà ní títì? Ní Stuttgart, òfin ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg kò gba òde ijó láàyè ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ì báà jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí aláìgbàgbọ́ ló fẹ́ jó. Ọjọ́ kan tí wọ́n kéde ṣáájú, tó kan olówó àti mẹ̀kúnnù, ṣeé fara dà, bí kò bá ti dí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ìṣirò owó ni mo fẹ́ kí àdúgbò wa kọ́. Lánlọ́ọ̀dù Jámánì ní oṣù 12 lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò bá parí láti fi ìwé ìnáwó ilé ránṣẹ́ sí ayálégbé. Bí ó bá fi ẹ̀bi ara rẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kò lè béèrè àfikún mọ́. Akápò àdúgbò tí kò tíì ka ìṣirò owó tíránsífọ́mà ọdún tó kọjá sétí gbogbo ilé, ayálégbé pẹ̀lú, kò yẹ kó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni fún owó tuntun.