Ooru Ni Ejò Fi Ń Jẹun

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko, erè kékeré kan ni wọ́n kọ́kọ́ fà lé mi lọ́wọ́ ní Manchester, irú èyí tí wọ́n ń pè ní royal python níbí. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ló ti ṣẹ̀ wá. Gánà, Tógò àti Benin ni wọ́n ti ń kó irú rẹ̀ wá sókè òkun, inú ihò eku àti òkìtì ọ̀gán ló sì ń gbé níbẹ̀.

Inú àpótí gíláàsì ni mo fi í sí. Mo tẹ́ pẹlẹbẹ kan tó ń fi iná mànàmáná gbóná sílẹ̀ rẹ̀, mo ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri tààrà. Ọwọ́ ni mo fi ń wọn ooru. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọkàn mi balẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá wa gbé ejò náà sókè, ó ní kí n wo ikùn rẹ̀. Ó ti pọ́n, awọ ibì kan sì ti bó. Orí ohun tó ń jó o yẹn ló sùn sí, kò kúrò. Ejò kì í tètè sá fún ooru tó bá ti abẹ́ wá. Dókítà ẹranko ló bá wa wò ó sàn.

Látọjọ́ náà, mi ò jẹ́ tan ohunkóhun tó ń gbóná fún ejò láìsí thermostat, ẹ̀rọ tó ń dín iná kù bí ooru bá ti tó. Ẹ ra tiẹ̀ kí ẹ tó ra ejò. Kí ẹ sì de orí wáyà tó fi ń mọ ooru mọ́ ibi tí ejò ń sùn gan-an, kó le dáadáa. Bí ejò bá fà á kúrò, ẹ̀rọ á gbà pé ibẹ̀ tutù, á sì máa kó ooru sí i.

Ejò ò ní ooru tara rẹ̀ bíi tiwa. Ibi tó bá sùn sí ló ti ń rí i, ooru náà ló sì ń mú kí oúnjẹ dà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí apá kan àpótí wà ní nǹkan bí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí apá kejì wà ní 24 sí 26, kí tẹmómítà wà lápá méjèèjì. Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ń ṣìṣe ni ibùba, ìyẹn ohun tí ejò ń wọ̀ láti sá pamọ́ nínú àpótí. Wọ́n á gbé ẹyọ kan ṣoṣo síbẹ̀, lápá tó tutù. Erè máa ń tijú ojútáyé. Bó bá di kó yan ooru tàbí ibi ìsápamọ́, ìsápamọ́ ni yóò yàn. Á wà nínú òtútù, á pọ eku tó jẹ lánàá jáde, wọ́n á ní ó ń ṣàìsàn. Ibùba méjì ni, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, kó há mọ́ ọn lára bí ihò eku.

Tó bá jẹ́ gílóòbù lẹ lò, ẹ fi àwọ̀n irin bò ó, torí yóò fẹ́ wé mọ́ ọn. Àpótí pákó a máa pa ooru mọ́ ju gíláàsì lọ nígbà òtútù ìlú yìí. Abọ́ omi tó gba ara rẹ̀, ìlẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn náà ò ṣeé fi sílẹ̀.

Erè ọjọ́sí ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Tí ẹ bá dé, màá yí i sókè, kí ẹ fojú ara yín rí àpá ikùn rẹ̀.