Asẹ́ atẹ́gùn nínú ilé ẹlẹ́dẹ̀: ihò ni kẹ́ ẹ máa wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sẹ́ atẹ́gùn fún ẹlẹ́dẹ̀ ní Iowa àti Minnesota ní Amẹ́ríkà níbí, òótọ́ ni o. Kì í ṣe gbogbo oko sha, oko abo tó ń bímọ àti ti àwọn akọ tí wọ́n ń gba àtọ̀ wọn ló sábà máa ń náwó sí i, torí tí àrùn bá ti wọ ibẹ̀, gbogbo oko tó ń gba ọmọ tàbí àtọ̀ lọ́dọ̀ wọn ti wọ gàù nìyẹn.

PRRS, àrùn ẹlẹ́dẹ̀ kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, lẹ̀rù ẹ̀ ń bà wọ́n jù. Tó bá wọlé, oyún á máa bàjẹ́, abo á máa bí òkú ọmọ, èyí tó wá láàyè ò ní lágbára àtimu ọmú, àwọn tó ti ń dàgbà á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Iowa State University ṣírò ẹ̀ ní 2013, wọ́n ní dọ́là mílíọ̀nù 664 ló ń bá a lọ lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà, ìṣírò 2024 ti gbé e dé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.2.

Wọ́n á fọ mọ́tò, òṣìṣẹ́ á wẹ̀ kó tó wọlé (kódà pátá oko lo máa wọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín), àmọ́ ta ló fẹ́ wẹ atẹ́gùn? Scott Dee, dókítà ẹran tó ń ṣèwádìí àrùn ẹlẹ́dẹ̀, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Minnesota rí fáírọ́ọ̀sì yìí mú láàyè nínú atẹ́gùn ní kìlómítà 9.1 síbi táwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó ní in wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to fílítà MERV 14 tàbí 16 (MERV ni wọ́n fi ń wọn bí fílítà ṣe ń sẹ́ nǹkan tó, bí nọ́ńbà bá ṣe ga ló ṣe ń sẹ́ dáadáa sí) sókè àjà, tí wọ́n á tún fi èyí tí ò wọ́n síwájú ẹ̀ kó máa gba eruku.

Èmi o, ihò ló ń dẹ́rù bà mí ju fílítà lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé yìí, fáànù ara ògiri ló ń fa atẹ́gùn jáde, ilé á wá máa fa òmíràn wọlé níbikíbi tó bá ti ráyè, abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹnu wáyà, ibi tí páànù ò ti pàdé dáadáa, ìyẹn ò sì gba inú fílítà kankan kọjá. Fáànù tó dúró ló tún wá burú jù. Nígbà òtútù wọn kì í tan gbogbo ẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ á wá máa gba ojú èyí tó dúró fa atẹ́gùn ìta wọlé, ṣọ́tà tó yẹ kó pa á dé, eruku ti há a lẹ́nu. Gbé èéfín díẹ̀ síwájú ẹ̀ níta, wàá rí i tó ń rọra wọlé lọ bí ẹni pé wọ́n pè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń so àpò aṣọ gígùn mọ́ fáànù, tó bá ń ṣiṣẹ́ á wú, tó bá dúró á lẹ̀ mọ́ra. Àwọn míì kúkú kọ́ ilé tí fáànù ti ń ti atẹ́gùn tí wọ́n ti sẹ́ wọlé, tí ihò bá wà, ti inú ló máa jáde. Ó wọ́n o, àmọ́ tówó bá wà òun lèmi máa kọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ nílé, ẹ má torí èyí lọ ra fílítà. ASF (ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà) tó pa ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ ní Òkè-Àró lẹ́bàá Èkó ní 2020, ẹlẹ́dẹ̀ tó ti ní in, bàtà èèyàn, mọ́tò oníbàárà, ajẹkù oúnjẹ tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀ ló sábà máa ń gbé e rìn. Ilé ẹlẹ́dẹ̀ wa gan-an, ṣebí ògiri ẹ̀ ò dé òkè, ibo lẹ fẹ́ gbé fílítà sí? Ẹ fowó yẹn ṣe fẹ́ǹsì àti géètì, kẹ́ ẹ sì ra bàtà òjò sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé.