Louvain ni mo ń lọ, Leuven ni mo bá ara mi

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí omi, torí òun ló ṣì ń dùn mí jù. Ìgò omi kékeré kan báyìí, èyí tí mo lè gbé mì lẹ́ẹ̀kan kí òùngbẹ má tíì kúrò, yúrò 3 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní ilé oúnjẹ kan ní Leuven, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m. Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kúkú bá mi bu omi ẹ̀rọ wá. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó wá bá mi fọṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ gbé omi yín dání.

Kò tiẹ̀ yẹ kí n dé Leuven rárá. Louvain-la-Neuve ni mo ń lọ, níbi tí ọmọ àǹtí mi ti ń kàwé. "Louvain" ṣáá ni ọmọ yẹn máa ń pè é lórí fóònù. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ní Brussels, mo fi Faransé tí mo kọ́ ní Kútọnu ṣe fọ́rífọ́rí, mo ní Louvain ni mo ń lọ. Wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, kò sì sí ẹ̀bi wọn níbẹ̀. Leuven gan-an ni àwọn elédè Faransé ń pè ní Louvain. Louvain-la-Neuve, ìyẹn Louvain Tuntun, ìlú mìíràn ni. Ta ló sọ fún mi?

Mo sọ̀ kalẹ̀, fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dé ni? Mo wà níwájú téṣàn, mi ò rí yín."

"Èmi náà ti wà níwájú ẹ̀ tipẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ sára ilé yẹn?"

Mo ka lẹ́tà rẹ̀ fún un níkọ̀ọ̀kan. Ó dákẹ́.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn tó lé wa lẹ lọ yẹn."

Lé wa kẹ̀? Ọmọ tí kò tíì lo ọdún méjì níbẹ̀!

Mo wọlé padà lọ béèrè ọ̀nà. Mo kí obìnrin òṣìṣẹ́ kan ní "Bonjour, madame". Ó gbọ́ mi, mo mọ̀ pé ó gbọ́. Ojú rẹ̀ kàn le koko, ó sì fi èdè Dutch dá mi lóhùn. Mo tún Faransé sọ, mo rọra ń sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó tún da Dutch lé mi lórí. Inú bí mi, mo ṣẹ́rí sí Gẹ̀ẹ́sì. Àfi bí ẹni tan iná! Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín, ó fa bírò yọ, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi: kí n wọ èyí tó ń lọ sí Ottignies, kí n pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, ó ku bíi wákàtí kan kí òmíràn tó dé.

Bí mo ṣe dé gbàgede iwájú ilé ìkówèésí yunifásítì nìyẹn, níbi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ńlá kan gún ère kòkòrò kan mọ́ ojú ọ̀run. Mi ò mọ ẹni tí ìyẹn dùn mọ́. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ omi ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sí tábìlì kejì ti gbọ́ bí mo ṣe ń kùn, tó fi bá mi sọ̀rọ̀.

Bàbá yìí ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní Leuven lọ́dún 1968. Ó ní òun wà lára àwọn tó ń pariwo "Walen buiten" kiri ìgboro, ìyẹn "Ẹ̀yin Walloon, ẹ jáde!" Àwọn Walloon ni ará Bẹ́ljíọ̀m tó ń sọ Faransé. Ọdún 1425 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀. Àwọn Fleming tó ń sọ Dutch ló pọ̀ jù ní Bẹ́ljíọ̀m, ṣùgbọ́n Faransé ni èdè àwọn ọlọ́lá. Nígbà tí òfin ọdún 1962 àti 1963 wá fa ààlà sáàárín èdè méjèèjì, Leuven bọ́ sí apá Dutch, ẹ̀ka tó ń fi Faransé kọ́ni sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn Fleming pé bí Faransé ṣe gba Brussels lọ́wọ́ wọn náà ló máa gba Leuven. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1966, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì tó ń darí yunifásítì náà sọ pé kò ní pín, ìlú gbóná. Ní oṣù kìíní ọdún 1968, ẹ̀ka Faransé gbé ètò jáde pé àwọn ń gbòòrò sí i níbẹ̀. Bàbá ní ojoojúmọ́ ni àwọn wà lójú pópó, òkò ń fò, wíńdò ń fọ́, ọlọ́pàá ń kó èèyàn. Nígbà tó di ọjọ́ keje oṣù kejì, ìjọba Paul Vanden Boeynants, olórí ìjọba ìgbà náà, ṣubú lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ̀ka Faransé ṣe kó kúrò ní Leuven nìyẹn, tí wọ́n lọ tẹ Louvain-la-Neuve dó.

Mo bi í bóyá ó dùn ún. Ó ní rárá. Ó ní bí bàbá òun bá fi Dutch bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀, ṣe ni ọ̀gá máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo rántí obìnrin téṣàn. Mi ò sọ ọ́.

Èyí tó dun bàbá ni ìwé. Ó nawọ́ sí ilé ìkówèésí náà. Àwọn ará Jámánì jó o ní 1914, ó tún jóná nínú ogun ní 1940. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ni ín wá fọwọ́ ara wọn pín in: ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣeé fi méjì pín, ó lọ sí Louvain-la-Neuve, èyí tí kò bá ṣeé pín, ó dúró. Wọn ò wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó sanwó kọfí tèmi. Láti ìgbà yẹn ni inú mi ti rọ̀ díẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Dutch ni kọ̀ńdọ́ fi ń kéde orúkọ ibi tí a bá dé. A kúrò ní Sint-Joris-Weert, mo ń wo ìta: pápá, igi, màlúù mẹ́ta. Kò sí odò, kò sí ògiri tó fi ààlà èdè náà hàn. Ká tó dé Pécrot, ọkùnrin kan náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé. Ẹ má rò pé eré ni o. Lọ́dún 2024, kọ̀ńdọ́ kan fi "bonjour" kún ìkíni rẹ̀ ní Vilvoorde, ní apá Dutch, èrò ọkọ̀ kan sì kọ̀wé fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀. Liège ni Luik, Mons ni Bergen, Tournai ni Doornik. Bí ẹ bá dúró de "Liège" lára pátákó ní Leuven, ọkọ̀ yín á lọ lójú yín.

Louvain-la-Neuve? Oko ni ibẹ̀ kí wọ́n tó fi òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀ ní 1971. Mọ́tò kì í wọ àárín ìlú, ìyẹn dára; ṣùgbọ́n bíríkì àti kọnkéré yẹn pọ̀ jù fún mi. Àbúrò mi mú mi lọ jẹun. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, mo fẹ́ ṣe dáadáa, mo fi Dutch tí bàbá yẹn kọ́ mi dúpẹ́: "Dank u!" Ojú obìnrin náà le koko.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé omi wá. Yúrò 3.