Àyẹ̀wò Ọdún Mi: Ìpín 74, Èlùbọ́ Ẹ̀gbọ́n, àti Ilẹ̀ Tí Omi Ń Gbé

Ní oṣù Kìíní, mo kọ ohun méje tí mo fẹ́ ṣe lọ́dún yìí sínú ìwé kékeré kan. Àná ni mo tún rí ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ní mo máa gba ìwé ìwakọ̀: n kò rí i gbà. Mo ní mo máa kúrò nínú yàrá tí èmi àti ẹlòmíràn jọ ń gbé: inú yàrá náà ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí. Mo ní mo máa ra búlọ́ọ̀kù ẹgbẹ̀rún kan sórí ilẹ̀ mi l'Óṣogbo. Owó búlọ́ọ̀kù bá ti ilé ìwòsàn Màámi lọ, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Mẹ́rin tó kù, ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti Ọlọ́run mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí tí mo sì parí, kò sí nínú ìwé náà rárá. Mo wo Red Dwarf tán, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ìpín 74.

Bàbá kan ló kó mi sí i. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe ní Manchester níbí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń dé ọ̀dọ̀ bàbá yìí: oúnjẹ, oògùn, aṣọ alẹ́, ìṣẹ́jú 30, ó tán. (Mo máa ń pè é ní "sà", ó ní òun kì í ṣe ọlọ́pàá.) Eré yìí ló sábà máa ń wà lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé bàbá á ti bú sẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín tó jáde. Ó mọ̀ ọ́n sórí bí Màámi ṣe mọ Sáàmù. Mo bi í pé kí ló tún ń pa á lẹ́rìn-ín nínú ohun tó ti ń wò láti 1988. Ó ní kí n jókòó. Mo ní n kò láyè. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n wá máa ká aṣọ níbí. Mo ń ká aṣọ, mò ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, títí aṣọ fi tán tí mo tún tú u ká.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ọjọ́ 15 oṣù Kejì 1988 ni ìkànnì BBC2 kọ́kọ́ gbé e jáde. Rob Grant àti Doug Naylor ló jọ kọ ọ́. Ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan tó ń wa kùsà ló ń jẹ́ Red Dwarf. Lister, tó kéré jù ní ipò láàárín òṣìṣẹ́ ọkọ̀, kó ológbò olóyún kan wọlé láìgbàṣẹ. Ọ̀gá ní kó mú un jáde, ó kọ̀. Wọ́n bá tì í mọ́ yàrá kan tí àkókò kì í ti í rìn. Ibẹ̀ ló wà tí ìtànṣán olóró fi tú sínú ọkọ̀, tó pa gbogbo èèyàn. Ìgbà tó máa fi jáde, ó ti di mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún. Òun nìkan ló kù nínú ọmọ aráyé. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wá wò ó pé kí orí rẹ̀ má bàa dàrú, ó yẹ kó rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ẹni tó sì gbé dìde fún un ni Rimmer, òkú tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan tẹ́lẹ̀, tí wọn kò sì fẹ́ rí ara wọn sójú. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni Rimmer báyìí, lẹ́tà H wà níwájú orí rẹ̀. Ẹnì kẹta ni àtọmọdọ́mọ ológbò yẹn, tó ti di ọkùnrin tó ń múra ju ọkọ ìyàwó lọ. Nígbà tó yá, Kryten dé, róbọ́ọ̀tì ọmọ ọ̀dọ̀ tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fífọ̀ máa ń dùn mọ́ nínú.

Wọn kò pàdé ẹ̀dá ìràwọ̀ mìíràn rí. Gbogbo ohun abàmì tó bá yọ sí wọn, ọwọ́ èèyàn ló ti jáde: ẹ̀rọ tó ya wèrè, ẹranko tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe àṣejù lé lórí. Òfuurufú lọ salalu, síbẹ̀ àwọn méjì ń jà nítorí ìbọ̀sẹ̀ tó ń rùn lábẹ́ ibùsùn. Ibi tó ti mú mi nìyẹn.

Nítorí èmi náà ní Rimmer tèmi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Ẹ̀gbọ́n máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ẹyin. Kì í ṣe sára páálí ẹyin o, sára ẹyin gan-an, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń lọ ìbọ̀sẹ̀. Èmi, n kì í fọ ìkòkò lálẹ́ tí mo bá rò ó, ọbẹ̀ ata mi sì ti ta sára ògiri. Lister náà, ata ni oúnjẹ rẹ̀, ọbẹ̀ àwọn ará Íńdíà tó ń jóni lẹ́nu ni kò lè ṣe aláìjẹ. Ẹ ò rí i pé ìbátan mi ni.

Ìpín kan wà ní sáà kẹta, ní 1989, Marooned ló ń jẹ́. Ọkọ̀ kékeré gbé Lister àti Rimmer já sórí yìnyín, òtútù fẹ́ pa Lister, oúnjẹ sì ń tán lọ débi pé oúnjẹ ajá inú agolo ló wá jẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun ohun gbogbo. Rimmer, tí ẹ̀rí ọkàn ń bá wí, gbà kí wọ́n sun àwọn ọmọ ogun kéékèèké tó ti ń tọ́jú bí ẹyin ojú, torí ó rò pé Lister ti sun gìtá tirẹ̀. Lister kò sun gìtá kankan. Àpótí Rimmer ló gé ní ìrísí gìtá. Àwọn méjì péré nínú yàrá kan, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kò sí ìbọn, kò sí ìràwọ̀ tó bú. Nínú gbogbo 74, òun ni mo fi ṣe olórí, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e.

Nígbà tí mo wò ó, mo dákẹ́ títí. Bọ́ílà ilé wa, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, bàjẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá nínú oṣù Kejì. Ẹ̀gbọ́n, tí kì í yá ènìyàn ní iyọ̀, gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kejì jù sí mi lóru ọjọ́ kẹta láìsọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tó lọ síbi iṣẹ́, mo fi èlùbọ́ rẹ̀ tó kù ro àmàlà. Nígbà tó bi mí, mo ní eku ni. Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ń ka èyí, kò sí eku.

Tẹ́lẹ̀, Lister ni mo máa ń ka ara mi sí. Ìdánwò ló jẹ́ kí n mọ̀ pé Rimmer ni mí. Èyí tí awakọ̀ ń kọ́kọ́ ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè 50 ni, 43 lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà. Mo gba 41 ní oṣù Kẹrin. Mo gba 42 ní oṣù Kẹjọ. Pọ́n-ùn 23 lẹ́ẹ̀kan. Rimmer náà ń ṣe ìdánwò kó lè di ọ̀gá, gbogbo ìgbà ló ń fìdí rẹmi. Nínú ìpín àkọ́kọ́ pàá, ó kọ ìdáhùn sí gbogbo ara, ó sì dákú sí gbọ̀ngàn ìdánwò. A gbọ́ pé nígbà tó ṣe é kẹ́yìn ṣáájú ìyẹn, "ẹja ni mí" ló kọ ní ìgbà 400. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà ni 42 wá sí mi lọ́kàn.

Ohun tó wà lọ́kàn Lister ni pé kó tọ́jú owó, kó lọ sí Fiji, kó ra oko, kó sin àgùntàn àti màlúù. Wọ́n sọ fún un pé òkè kan bú níbẹ̀, omi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ti bo púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Ó ní kò burú, ẹran lè máa wọ́ omi. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ní oṣù Keje, àbúrò mi fi fọ́tò ilẹ̀ mi l'Óṣogbo ránṣẹ́ sí mi: omi dé orókún rẹ̀, ó dúró sáàárín, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fèsì pé kò burú, òjò ni. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí mo mọ̀ ní ìlú yìí tí kò ní Fiji tirẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí bàbá kò lè rí bí mo ṣe rí i. Ẹni tó kù gbẹ̀yìn nínú gbogbo aráyé, Craig Charles ló ṣe é, ọmọ Liverpool, aláwọ̀ dúdú. Danny John-Jules tó ṣe Ológbò, aláwọ̀ dúdú ni. Méjì nínú òṣèré mẹ́rin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ (ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ìkẹrin), ní 1988, kò sì sí ẹni tó dúró láti ṣàlàyé ìdí. Wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn o. Lẹ́yìn sáà kẹfà, ní 1993, Rob Grant fi í sílẹ̀, sáà keje àti ìkejọ sì rẹ̀ mí. Ìkejọ pàápàá, orí fóònù ni ojú mi wà. Ó dákẹ́ láti 1999 di 2009, kí ìkànnì Dave tó gbé e dìde. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ọ́ ti di baba, ìyẹn sì tún mú un dùn sí i: àwọn ọkùnrin onírun funfun méjì tí wọ́n ṣì ń bú ara wọn nínú yàrá.

Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n kó bàbá lọ sí ilé ìtọ́jú kan lẹ́bàá ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó fẹ́ fún mi ní àwọn DVD rẹ̀. Òfin iṣẹ́ wa ni pé a kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bùn, mo sì sọ fún un. Ó bú òfin náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ èébú tó wà nínú eré náà. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo rí sáà mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù fún ìrànwọ́, pọ́n-ùn mẹ́ta lápapọ̀, mo rà wọ́n, mo sì kọ orúkọ mi sára wọn bí ẹyin Ẹ̀gbọ́n.

Èyí tó gbẹ̀yìn, The Promised Land ti 2020, alẹ́ àná ni mo wò ó. Ẹ̀gbọ́n ti yíjú sí ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òun fẹ́ sùn, ìsìn àìsùn ọdún tuntun wà níwájú òun. Mo rọ ohùn eré náà sílẹ̀. Nígbà tó tán tí mo pa kọ̀ǹpútà dé, inú òkùnkùn ni mo ti gbọ́ ọ:

"Ṣé wọ́n padà délé ṣá?"

"Wọn ò délé, Ẹ̀gbọ́n."

Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Gbé e padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ológbò yẹn ti bẹ̀rẹ̀."