Orúkọ Ẹni Nínú Orin: Òru Ìlọrin àti Òru Berlin

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń gbé ní ìlú kékeré kan ní Jámánì, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò tí ìlù kì í pẹ́ dún lẹ́nu ọ̀nà ẹnìkan. Nígbà tí mo wọ reluwé lọ sí Berlin láti lo òpin ọ̀sẹ̀ láàárín àwọn olórin àti ayàwòrán ibẹ̀, etí tí dadakúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, ti tọ́ dàgbà ni mo gbé lọ.

Ní Berlin, èèyàn ló ń wá orin lọ. Nílé, orin ló ń wá èèyàn wá. Bí wọ́n bá ń ṣe wólímà tàbí ìgbéyàwó, olórin yóò ti wádìí orúkọ bàbá ẹni, agbo ilé ẹni àti oríkì ẹni. Nígbà kan tí mo lọ sílé, olórin kan fi ọwọ́ bo makirofóònù, ó tẹ̀ sí etí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín tó ti ìlú òyìnbó dé yìí, kí ni oríkì wọn?" Kí bàbá tó dáhùn tán, gángan ti gbà á: Àkànbí. Mo dìde, mo náwó, omi sì bọ́ lójú mi.

Àwọn tó mọ ìtàn dadakúàdà sọ pé inú iwì eégún ló ti ṣẹ̀. Ìyẹn wú mi lórí, nítorí ìlú tí a ń kì pé kò léégún rí, pé ẹṣin leégún ilé wọn, ló sọ ọ́ di orin òde àríyá. Ẹ fetí sí Odòlayé Àrẹ̀mú, gbajúmọ̀ olórin dadakúàdà, ẹ ó gbọ́ bí orúkọ èèyàn ṣe ń tẹ̀ lé orúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ náà lẹ́rù: mo ti rí ọ̀rẹ́ mi kan tó sá sẹ́yìn àgọ́, nítorí pé kò ní owó tí yóò ná bí wọ́n bá kì í.

Ní Berlin, wákàtí méjì ni mo fi tò sórí ìlà níwájú ilé ijó kan. Nígbà tó kàn mí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wò mí látòkè délẹ̀, ó mi orí, ó ní kí n yà. Kò sọ ìdí. Ó dùn mí gan-an, nítorí níbi tí mo ti wá, oúnjẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé fún àlejò kí wọ́n tó béèrè ẹni tó pè é. Ilé ijó kejì gbà mí wọlé, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan lẹ bébà pupa róbótó mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù mi, kí n má baà ya àwòrán. Tẹ́kínò, orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, ń lù nínú òkùnkùn láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti hewú ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi; n kò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí, a sì jọ jó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lẹ́yìn tí ògiri tó pín ìlú náà sí méjì fún ọdún 28 ṣí lọ́dún 1989, àwọn ọ̀dọ́ wọ inú àwọn ilé tó ṣófo ní ìlà oòrùn lọ lu ìlù. Ilé ijó tí wọ́n ń pè ní Tresor bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991 nínú yàrá ìfowópamọ́ abẹ́ ilẹ̀ ti ilé ìtajà ńlá àtijọ́ kan. Lójú mi, àwọn èèyàn tí ìjọba ìlà oòrùn Jámánì ti ń ṣọ́, tó sì ń kọ orúkọ wọn sínú fáìlì, yóò rí ìsinmi níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tó sá sẹ́yìn àgọ́ ì bá fẹ́ràn ibẹ̀.

Reluwé abẹ́ ilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ mọ́jú ní òru Jímọ̀ọ́ àti Sátidé. Ní Ìlọrin, bí aago mẹ́wàá bá ti kọjá, bí a ó ṣe rí kẹ̀kẹ́ Máruwá padà sílé là ń rò.

Orúkọ tí wọn kò béèrè nínú ilé ijó, ara ògiri ìgboro ni mo ti rí i, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ọ̀dà kọ ọ́ lékè ara wọn. Mo rántí àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dáda l'Ókèlélé, n'Ílọrin: n kò rí kí wọ́n kọ orúkọ sára ìkòkò rí.

Nínú reluwé òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí bébà pupa náà kúrò. Ìyá mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pè wọ́n padà. "Àkànbí," ni wọ́n kọ́kọ́ wí, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè dá wọn lóhùn.